Bàbá Àgbà Mi, Ẹlẹ́rìí Oṣù

Ọjọ́ tí a sin Bàbá àgbà mi ní Ẹ̀pẹ́, àwọn ọkùnrin méjì dúró sí ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Ọ̀kan ní, "Bàbá Olóṣù náà ti lọ." Èkejì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Àgùàlà lo fẹ́ wí." Wọn kò rí mi. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà, òmìnira kò ì tíì dé, mo sì mọ ìdí yẹ̀yẹ́ yẹn ju àwọn fúnra wọn lọ. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá àgbà rò pé ìbànújẹ́ ló fà á. Ẹ̀rù ni. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé ẹ̀rù náà kiri, ó sì di àgbà pẹ̀lú mi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí nípa Bàbá. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí, torí kò sí ẹni tó lè fi bú mi mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ ò ní mọ irú ẹni tó jẹ́, ẹ ó kàn rò pé arúgbó kan ṣàṣìṣe ni.

Bùràímọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ onígbòkun ló ń tù láti Ẹ̀pẹ́ dé Èbúté Ìkòròdú, ó ń kó ẹja gbígbẹ, ẹní àti èrò. Ìràwọ̀ ló fi ń mọ ọ̀nà lórí ọ̀sà, nítorí náà kì í fi ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ ṣeré. Ní ilé tiwa, kí ọmọ tó mọ owó kà ni yóò ti mọ Àgùàlà, ìràwọ̀ ńlá tó máa ń bá oṣù rìn, tí àwọn èèyàn ṣebí ajá rẹ̀ ni. A mọ ìdì ìràwọ̀ kéékèèké tí Bàbá ń pè ní Adìẹ Ọlọ́mọ. A mọ èyí tó ń fi gúúsù hàn. Bí o bá ṣi orúkọ ọ̀kan pè lẹ́nu oúnjẹ, Bàbá á dá òkèlè dúró, á wò ọ́ títí wàá fi tún un pè. Gíga ni ọkùnrin náà, ojú rẹ̀ jìn sínú, kì í sì í pariwo. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá gbọ́ ikọ́ rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo ti máa ń ka orúkọ ìràwọ̀ nínú ọkàn mi kó má baà bá mi lójijì.

Ó ní awò kan tí a fi idẹ ṣe, tó ń fa ohun tó jìn mọ́ ojú. Ìpele mẹ́ta ni, wọ́n ń wọ inú ara wọn, bí a bá fà á jáde á gùn tó apá mi. Ọ̀gá ọkọ̀ òyìnbó kan ló fún un nígbà tí ọkọ̀ wọn há sórí iyanrìn, tí Bàbá fi okùn fà wọ́n kúrò. A máa ń fi wo òṣùpá bí ó bá ti kún, a ó rí àwọn ibi tó rí gbágungbàgun lára rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó, mo sunkún, nítorí mo rò pé ó ń já bọ̀ lórí ilé wa. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó gba awò lójú mi, ó ní kí n fi ojú lásán wò ó, kí n rí i pé ó ṣì wà níbi tó wà. Ó wá dá awò padà fún mi. "Ohun tó bá ń bà ọ́ lẹ́rù," ló wí, "wò ó dáadáa kí o tó sá."

Lásísì, ọmọ rẹ̀, ni bàbá tó bí mi. Ìtamàga ní Ìkòròdú ló ń gbé, ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ìyá mi kú nígbà tí mo ṣì ń rákò, ni wọ́n fi gbé mi wá sọ́dọ̀ àwọn àgbà ní Ẹ̀pẹ́. Bàbá mi máa ń fi ẹfun ya oṣù sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lálaalẹ́ bí ó ṣe ń pọ̀ sí i, bí ó ṣe ń dín kù. Bí ó bá wá kí wa, òun àti Bàbá á máa jiyàn títí ọbẹ̀ á fi dì. Ìgbà kan ó fi ọsàn àti àtùpà ṣàlàyé pé òṣùpá kò ní ìmọ́lẹ̀ kankan fúnra rẹ̀, pé ọ̀dọ̀ òòrùn ló ti ń gbà á. Inú bí Bàbá. Ọjọ́ méjì ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí Bàbá mi fẹ́ wọkọ̀ padà sí Ìkòròdú, àgbà náà sìn ín dé etí omi, ó ní, "Mo ti rò ó. Ẹni tó bá gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tó ń pín in fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, èmi ò bá a wí."

Ìyá àgbà ní tirẹ̀ kò fẹ́ràn gbogbo eléyìí. Ó gbà pé ẹni tó bá ń ka ìràwọ̀, ìràwọ̀ ń ka òun náà, bí wọ́n bá sì kà á tán, ó parí nìyẹn. Èmi gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ pátápátá. Bí Bàbá bá ní kí n ka Adìẹ Ọlọ́mọ, mo máa ń fo ọ̀kan, kí wọ́n má baà kà mí pé. Ìyá àgbà ló sọ fún mi nípa ọjọ́ tí ọ̀sán di òru, ọdún tí wọ́n bí mi. Àwọn adìẹ lọ sùn, àwọn èèyàn ń lu abọ́, wọ́n ń ké pe Ọlọ́run, òun fúnra rẹ̀ ti wọ abẹ́ ibùsùn. Bàbá bu omi aró sínú ọpọ́n, ó gbé e sí àárín àgbàlá, ó ń wo òòrùn nínú aró náà bí ó ṣe ń tán lọ. Ìyá àgbà na ọwọ́ láti ilẹ̀kùn, ó fà á láṣọ pé kó wọlé. Ó ní Bàbá kò tilẹ̀ yíjú. "Ìyá Lásísì," ni ohun tó sọ, "bí ayé bá ń parẹ́ lóòótọ́, ṣé o ò ní fẹ́ wò ó ni?"

Ohun tí àdúgbò fi mọ̀ ọ́n jù ni ẹ̀rí oṣù. Bí ààwẹ̀ bá ti pé ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, gbogbo wa á jáde sí etí ọ̀sà ní ìrọ̀lẹ́, a ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Bí oṣù bá lé, ọ̀la di ọdún. Bí kò bá lé, a ó gba ọgbọ̀n. Àwọn kan á sì máa pariwo pé àwọn ti rí i. Lèmọ́mù kì í dá wọn lóhùn, Bàbá ló ń dúró dè. Bàbá á bi wọ́n pé, "Ìwo rẹ̀ kọjú síbo?" Ẹni tó bá ń kálòlò, á ní kó lọ jókòó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń gba ẹ̀rí rẹ̀, kò sì tíì sọ pé òun rí ohun tí kò rí. Òfin kan ni Lèmọ́mù ṣe fún un: awò kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, ojú tí Ọlọ́run dá ni ẹ̀rí. Bàbá fara mọ́ ọn. Bí àwọn tí ebi ń pa bá ń rọ̀ ọ́ pé kó tún ojú wò, á ní, "Ojú tó ń wá oúnjẹ máa ń tètè rí oṣù."

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, tó ku ọdún méjì kí Bàbá kú, bàbá tó bí mi ti Ìkòròdú dé pẹ̀lú ìròyìn. Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ti sọ ọ́ pé àwọn ará Rọ́ṣíà ju òṣùpá kékeré kan tí wọ́n fi irin ṣe sí ojú sánmà, pé ó ń yí ayé po. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jókòó. Gbogbo ilé jáde ní ìrọ̀lẹ́ láti wá a. Èmi sá mọ́ ẹ̀yìn Ìyá àgbà; mo ń rò ó pé bí irin bá lè lọ sókè, irin náà lè padà wálẹ̀. Bàbá nìkan ni kò dìde lórí àga rẹ̀. Kò gbójú sókè rárá. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. "Ẹ wò ó kí ẹ wá sọ fún mi," ló wí. "Àmọ́ ẹ má sọ ohun tí ẹ ò rí."

Ẹ ó bi mí pé kí ló mú ọkùnrin tó wo ọ̀sán tó di òru jókòó kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni.

Ọdún tí ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó ni. Nígbà yẹn Bàbá ti ń bi mí léraléra pé kí ni mo rí lókè, ìràwọ̀ mélòó ló wà níbí, mélòó ló wà lọ́hùn-ún. Mo rò pé ìdánwò ni. Ní ìrọ̀lẹ́ kan ó nàka sí ìsàlẹ̀ ọ̀sà, ó ní, "Ìràwọ̀ wo nìyẹn tó fẹ́ kan omi?" Àtùpà apẹja ni. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí ohun funfun bí ìkùukùu nínú dúdú ojú rẹ̀, ó yé mi pé kì í ṣe ìdánwò. Bàbá gbọ́ bí mo ṣe dákẹ́. Ó ní, "Sàlámọ̀tù, ohun tí o rí yẹn, fi í sínú." Mo fi í sínú. Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo sì ń ka ọjọ́ pẹ̀lú ẹ̀rù, nítorí mo mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo ojú àdúgbò yóò máa wo ojú tí kò ríran mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ náà dé, òjò ṣú. Ìwọ̀ oòrùn kún fún ìkùukùu dúdú láti orí omi sókè. Àwọn èèyàn ti pọ̀ létí ọ̀sà. Bàbá mú mi lọ sí ìkangun kan, sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó sì yọ awò lábẹ́ agbádá rẹ̀. Kò mú un wá síbẹ̀ rí.

"Wá ojú sánmà wò fún mi," ló wí. "Fara balẹ̀."

Mo gbé e sójú. Ìkùukùu, ìkùukùu. Mo ń rò ó pé bí mi ò bá rí nǹkan kan, wọn yóò bi Bàbá ní ìbéèrè, àṣírí á sì tú. Lójijì ibì kan là lókè, kékeré, mo sì rí i: ohun funfun kan, ó tẹ̀, ó ní ìwo méjì ṣóńṣó ṣóńṣó.

"Bàbá, mo rí i. Ó ti lé."

Ó gba awò. Mo fi ọwọ́ mi darí rẹ̀ síbẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Ó kéré," ló wí.

"Tuntun ni, Bàbá."

Ó tún wò ó. "Ó sì ga."

Mo mọ̀ pé ó ga. Mo mọ̀ pé oṣù tuntun, ẹ̀bá ilẹ̀ ló máa ń wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà mí kọjá ibi tí mo ti lè sọ pé kò dá mi lójú. Mo ní, "Oṣù ni, Bàbá. Mo rí ìwo rẹ̀." Ìkùukùu padé. Ó ká awò, ó fi í pamọ́, ó rìn lọ bá Lèmọ́mù. Ó ní oṣù ti lé. Wọn kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ta ni yóò bi Bàbá Olóṣù ní ìbéèrè? Kò pẹ́, àwọn ọkùnrin méjì mìíràn ní àwọn náà rí i fìrí. Gbogbo etí omi bú sáyọ̀.

Ọjọ́ kejì a wọ aṣọ tuntun, a lọ kírun ọdún ní yídì, a jẹ, a mu. Ní ọ̀sán, ọkọ̀ kan dé láti Èbúté Ìkòròdú, Bàbá mi sì wà nínú rẹ̀. Ìyá àgbà gbé oúnjẹ ọdún síwájú rẹ̀. Ó tì í sẹ́yìn díẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ìyá mi. Mo wà lẹ́nu ààwẹ̀. A ò rí oṣù ní Ìkòròdú."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ará Ìkòròdú kò mọ oṣù wò. Irú rẹ̀ kúkú máa ń ṣẹlẹ̀, ìlú kan lè rí ohun tí ìlú kejì kò rí. Ṣùgbọ́n Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dá òkèlè dúró. Ó wò mí lórí abọ́, ẹran tó wà lẹ́nu mi sì dà bí igi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà sánmà mọ́ gaara. Bàbá mú mi padà sórí ọkọ̀ yẹn. Oṣù wà nísàlẹ̀, ní ẹ̀bá omi, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

"Níbo ló wà lánàá?"

Mo nàka sókè, jìnnà sí oṣù. Àgùàlà ló wà níbẹ̀, ó ń tàn.

"Gbé awò sí i."

Mo gbé e sójú. Àgùàlà tẹ̀. Ó ní ìwo méjì, ó kéré, ó funfun, bí mo ṣe rí i lánàá gẹ́lẹ́. Àwa tí a mọ gbogbo ìràwọ̀ lórúkọ, a kò kọjú awò sí Àgùàlà rí ní irú àkókò yẹn. A ti rò pé róbótó ló máa ń wà. Bàbá tó bí mi ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé ọ̀dọ̀ òòrùn ni òun náà ti ń gba ìmọ́lẹ̀, pé ó máa ń kún, ó sì máa ń dín kù bíi ti òṣùpá. Ẹni tí kò bá ní awò, kò lè ṣe irú àṣìṣe tí a ṣe.

"Kí lo rí?" ni Bàbá bi mí.

"Àgùàlà ni, Bàbá. Ó ní ìwo."

Ó jókòó. Mo retí kó lù mí, mo tilẹ̀ fẹ́ kó lù mí. Mo ń rántí gbogbo ìwàásù tí mo gbọ́ nínú ààwẹ̀ nípa iná tí kì í kú. Mo ti mú odindi àdúgbò jẹun lọ́jọ́ ààwẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀rù ayé bà mí ju ti ọ̀run lọ. Ní Ẹ̀pẹ́, orúkọ yẹ̀yẹ́ kì í kú. Ìyá arúgbó kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ṣì ń pè ní Afọ́kòkò, nítorí ìkòkò kan tó fọ́ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje. Kí ni wọ́n máa pe èmi? Ta ni yóò fẹ́ mi sílé? Kò sì sí ẹni tó mọ̀. Bí Bàbá bá dákẹ́, ó ti parí.

Ó dìde, ó ní kí n gbé awò tẹ̀lé òun. Mọ́sálásí la gbà lọ.

Mo dúró síta lẹ́bàá fèrèsé. Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì lọ. Oṣù tí mo ní mo rí lánàá, kì í ṣe oṣù. Àgùàlà ni. Inú awò ni mo ti rí i. Ojú mi ti fọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ti pẹ́, mi ò sì sọ fún yín."

Ariwo sọ. Àwọn méjì tó rí i fìrí kò mí fín-ín. Ẹnìkan wá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ní, "Èmi rí ọmọ-ọmọ yín lórí ọkọ̀ lánàá. Ọmọ yẹn ló gbé awò sójú. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé la fi jẹ ààwẹ̀ ni?"

Mo di fèrèsé mú.

Lèmọ́mù ní, "Bùràímọ̀, ṣé òótọ́ ni? Ọmọ náà ló rí i?"

Bàbá kì í búra. Ó máa ń sọ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá pé kò nílò ìbúra. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, gbogbo mọ́sálásí gbọ́ ọ: "Wàláì, ọmọ náà kò rí nǹkan kan. Èmi nìkan ni mo wò, èmi nìkan ni mo sọ ọ́."

Wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lèmọ́mù ní ọ̀la ni ọdún gan-an, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀. Ọ̀túnla ni kí gbogbo wa san ọjọ́ kan padà. Ó sì ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa wo oṣù. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Kò bá mi wí bí a ṣe ń lọ sílé, kò sì bá mi wí títí ó fi kú.

Ní ọ̀túnla, àwọn àgbà gbààwẹ̀ pẹ̀lú ìkùnsínú, wọ́n sì gbàgbé. Ọjọ́ kejì, Bàbá tún jí sí sààrì. Ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹrin bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Bàbá Lásísì, ọjọ́ kan ni Lèmọ́mù sọ."

"Ti oṣù ti parí," ni Bàbá dáhùn. "Èyí tèmi ni."

Ìyá àgbà kò mọ ohun tó ń sọ. Èmi mọ̀. Ọmọ ilé kéú ni mí; wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tí kò bá ní ohun tó lè fi bọ́ àwọn tálákà, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò gbà ní ààwẹ̀ nítorí ìbúra èké. Ní ọjọ́ kẹrin yẹn, èmi náà kò fẹnu kan nǹkan kan láti òwúrọ̀. Mo da ẹ̀kọ mi fún ewúrẹ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ebi pa mí, òùngbẹ gbẹ mí, orí ń fọ́ mi.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́, mo gbé omi ìṣínu lọ fún un bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó gba ife náà, ó sún un mọ́ ẹnu, ó dúró. Kò ríran dáadáa, àmọ́ ó fi ọwọ́ kan ètè mi, ó gbẹ. Ó dá ife náà padà sí ọwọ́ mi.

"Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ mu," ló wí.